Aṣíwájú Tó Ń Lu Ìyáàlù Láàárín Snare Mẹ́fà

Alàgbà kan ló pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án. Kò jẹ́ kí n kí i tán. "Tíṣà, kí á tó yan aṣíwájú fún àwọn onílù wa, wọ́n ń gbìyànjú. Látìgbà tí a ti yàn án, wọn ò mọ ìlù mọ́." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín, mo wá ọ̀kadà, mo lọ bá wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní iléèwé tàbí nínú Brigade ni mo ń kọ èyí fún. Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Àkúrẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ṣàjèjì díẹ̀. Alàgbà yìí lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Glasgow. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó padà wálé, ó gbé fèrè alápò kan dání, èyí tí òyìnbó ń pè ní bagpipe, pẹ̀lú snare méjì, ìlù olójú méjì tó ní wáyà nínú, irú èyí tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Ó tún ránṣẹ́ ra fèrè mẹ́ta sí i, ó kọ́ ọ̀dọ́ mẹ́rin bí wọ́n ṣe ń fọn ọ́n, ó wá kó wọn mọ́ àwọn onílù tí ìjọ ti ní tẹ́lẹ̀. Afọnfèrè mẹ́rin, snare mẹ́fà, ìlù tẹ́nọ̀ méjì, ìlù báàsì kan. Àwọn kan nínú ìjọ ń kùn pé kí ni ti Scotland ní ilẹ̀ Déjì. Wọ́n gbàgbé pé Glasgow náà ni William Smith ti dá Boys' Brigade sílẹ̀ ní 1883, pé ẹgbẹ́ ọ̀hún ti dé Nàìjíríà láti 1908, àti pé ọ̀dọ̀ Brigade ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ di ọ̀pá snare mú.

Ẹni tí kò bá mọ fèrè alápò kò ní lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Fèrè yìí kì í sinmi. Atẹ́gùn inú àpò ló ń fọn ọ́n, nítorí náà bí afọnfèrè bá tilẹ̀ ń mí, ohùn kò ní dá. Ohùn mẹ́sàn-án péré ló wà lára ọ̀pá tí ìka ń tẹ̀. Ọ̀pá mẹ́ta mìíràn gbára lé èjìká, wọ́n ń kùn bí oyin láìyí ohùn padà. Kò ṣeé fọn jẹ́jẹ́, kò sì ṣeé fọn kíkankíkan ju bó ṣe wà lọ. Ohun tó máa jẹ́ kí orin náà mí, kó rọlẹ̀, kó tún dìde, ìlù ni.

Aṣíwájú tí wọ́n yàn jẹ́ ọmọ ọdún 22, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA, ọmọ ìlú Oǹdó. Ilé onílù ni wọ́n bí i sí. Àyàn ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò ṣe máa pè é. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń gbé gúdúgúdú kọ́rùn tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóde. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó mọ́, etí rẹ̀ mú. Nínú àwọn mẹ́fà tó ń lu snare, kò sí ẹni tó súnmọ́ ọn. Ta ni wọn ì bá tún yàn?

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà ìjọ, mo ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí àwọn ará Scotland ṣe ń bẹ̀rẹ̀: rólù, ìyẹn ìlù tó ń dún léraléra láìdá, fún ìṣísẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, fèrè sì gbéra. Ìlà àkọ́kọ́ dára. Nígbà tó di ìlà kejì, Àyàn fi flam, ìyẹn ọ̀pá méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀ pọ̀, síbí, ó fi rólù kúkúrú sọ́hùn-ún, ó já ìlù sí méjì, ó tún un so. Ó dùn mọ́ mi létí, mi ò ní purọ́. Àwọn márùn-ún yòókù ń sá tẹ̀lé e bí ẹni tó ń lé mọ́tò tó ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Ó dá wọn dúró. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ tẹ̀lé mi!" Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni.

Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú kí n tó dé ni ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe. Ó sọ wákàtí méjì ìgbaradì di mẹ́rin. Nínú yàrá rẹ̀, ó ń lu orí ìrọ̀rí títí di aago mọ́kànlá alẹ́, nítorí ìrọ̀rí kì í ta ọ̀pá padà, ọrùn ọwọ́ ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọgbọ́n gidi ni, ó sì ṣiṣẹ́: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ yá sí i. Ohun tó mú ọwọ́ rẹ̀ yá yìí náà ló ń da ẹgbẹ́ rú. Ohunkóhun tuntun tí ọwọ́ rẹ̀ bá rí lórí ìrọ̀rí lálẹ́ Jímọ̀, ó ń gbé e wá sínú ọgbà ní Sátidé.

Ìgbìyànjú kejì, tèmi ni, mo sì ṣì í. Àwọn ìlù ni mo dá lẹ́bi. Snare méjì tó ti Glasgow wá ní awọ Kevlar, tí a lè fún títí yóò fi le bíi pákó. Ohùn rẹ̀ kúrú, ó gbẹ, wáyà sì wà lábẹ́ awọ òkè àti lára awọ ìsàlẹ̀. Mẹ́rin yòókù jẹ́ irú èyí tí à ń rà l'Ékòó, awọ oníke lásán, ohùn wọn ń fà bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àga nílẹ̀. Sátidé méjì ni mo fi yí bóòtì. Mo kọ́ àwọn ọmọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ tò ó yípo: yí ọ̀kan díẹ̀, lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì, kí o sì máa fi ọ̀pá ta etí awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtì kọ̀ọ̀kan títí ohùn wọn yóò fi dọ́gba. Àyàn mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kíá. Ẹni tó ti fi ọṣán fún dùndún dàgbà kò nílò kí n kọ́ ọ bí awọ ṣe ń dáhùn.

Nígbà tí a parí, àwọn ìlù náà ń dún bí ọmọ ìyá, ẹgbẹ́ sì wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A nu dígí tán, a wá rí i pé ojú ló dọ̀tí. Nígbà tí ìlù ń hó, àṣìṣe ń rí ibi sá pamọ́ sí. Ní báyìí tí ohùn ti gbẹ, ọ̀pá tó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, gbogbo ọgbà ló ń gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìparí ìlà, ọmọ ọdún 14. Òun ni Àyàn máa ń bá wí jù. Lọ́jọ́ yẹn, ó dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹrin, ó bi í pé, "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?" Ọmọ náà wolẹ̀. Mo rò pé ẹkún ló fẹ́ sun.

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Mi ò mọ èyí tí ẹ máa lù lónìí ni."

Àyàn bínú. Ó ní ohun kan náà lòun ń lù. Mo dìde, mo gbé fóònù mi sórí fẹ́ǹsì, bí ogún ìṣísẹ̀ sí wọn, mo ní kí wọ́n lu orin kan ṣoṣo náà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà, èmi àti òun nìkan jókòó sábẹ́ máńgòrò, a gbọ́ ọ. Mi ò sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, ẹ̀ẹ̀marààrún ló lu ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Márààrún ló dára. Ó tún un gbọ́, ó bo fóònù délẹ̀, ó ní, "Ọmọ yẹn ò parọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló pe bàbá rẹ̀ ní Oǹdó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ síta kí n lè gbọ́. Bàbá bi í pé mélòó ni wọ́n. Ó ní mẹ́fà.

"Ta ló ń lu omele?"

"Kò sí omele níbẹ̀, bàbá mi. Ohun kan náà ni gbogbo wa ń lù."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ta ló wá ní kí o máa sọ̀rọ̀?"

Bàbá kò mọ nǹkan kan nípa fèrè alápò, ó sì ti parí ẹjọ́. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Ó lè ki ènìyàn, ó lè pòwe, ó lè yí padà bó bá ṣe rí ẹni tó ń bọ̀, nítorí pé gúdúgúdú àti àwọn yòókù dúró sójú kan. Àwọn ni ilẹ̀ tó ń rìn lórí rẹ̀. Àyàn gbé àṣà yìí wá sáàárín snare, níbi tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ balẹ̀ bí ọ̀pá kan. Kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Fèrè tó wà níwájú rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí kò lè dákẹ́. Òun náà kò dákẹ́. Ó wá di ilé tí ẹni méjì ti ń pariwo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ibí la ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi. A kọ ìlù náà sílẹ̀, ohun tí wọn kò ṣe rí. Ìlà kan ṣoṣo là ń fà: ohun tí ọwọ́ ọ̀tún bá lù wà lókè ìlà, ti òsì wà nísàlẹ̀. Fritz Berger, onílù ará Basel ní Switzerland, ló gbé irú ìkọ̀wé yìí kalẹ̀. Alex Duthart, ọ̀gá onílù Scotland tó kú ní 1986, kọ́ ọgbọ́n púpọ̀ lára àwọn ará Basel wọ̀nyí, ó sì mú un wọ inú ìlù ilẹ̀ wọn. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ la kọ tiwa sí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Lẹ́yìn náà la wá yọ kúrò nínú rẹ̀. Òfin tí mo ṣe ni pé ohunkóhun tí ọmọ ìparí ìlà kò bá lè lù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá léra láìṣì, ní ìyára ìṣísẹ̀ 84 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò gbọ́dọ̀ wà lára ògiri. Àyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pa bí ìdámẹ́ta ohun tó ti ń lù rẹ́. Ó dùn ún. Mo rí i bó ṣe ń mú bírò, tó ń gbé e sílẹ̀, tó tún ń mú un. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀bùn rẹ̀ ṣòfò, nítorí náà a fi ibì kan sílẹ̀ fún un: ìpín orin mẹ́jọ, tí òyìnbó ń pè ní bar, nínú orin kẹta, òun nìkan ló ń lu mẹ́fà àkọ́kọ́, gbogbo wọn á wá wọlé bí ààrá ní méjì ìkẹyìn. Irú èyí kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Scotland náà máa ń jẹ́ kí aṣíwájú dá lù kí ìyókù tó dà á pọ̀. Ẹni tó bá mọ lílé àti gbígbè kò ní bi mí pé kí ló fà á.

A gbé ìlù tì. Mo ní kí wọ́n wá táyà tírélà kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó yí i ká bí ẹni tó fẹ́ jẹun nínú abọ́ kan. Ẹnu la kọ́kọ́ fi ń lù ú, bí ọmọ onílù ṣe ń kọ́ ọ nílé, kí ọ̀pá tó kan táyà. Mẹ́tírónómù orí fóònù, tó ń ka ìṣísẹ̀, wà láàárín: 60 la ti bẹ̀rẹ̀, a ń fi mẹ́rin mẹ́rin gun òkè, a kì í sì í gòkè bí ẹnì kan bá ṣì wà nísàlẹ̀. Rúlà wà nílẹ̀ pẹ̀lú: ìlù jẹ́jẹ́, ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, ìlù kíkan, ìdajì rúlà. Ọ̀pá tó bá ga ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ máa ń pẹ́ kó tó balẹ̀, ó sì máa ń ké ju tirẹ̀ lọ. Rúlà yẹn tún ohun tí ìbáwí kò lè tún ṣe. Àyàn kúrò níwájú, ó jókòó ti ọmọbìnrin yẹn. Mo fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ṣì í; bó bá gbọ́ àṣìṣe, kó béèrè pé kí ni wọ́n gbọ́. Ìyẹn ṣòro fún un ju rólù lọ. "Tíṣà, ẹ fẹ́ kí n gbọ́ àwọn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà?" Mo ní ohun tí wọ́n yàn án fún nìyẹn.

Títí oṣù Kẹwàá fi parí, ẹgbẹ́ ti yí padà. Alàgbà dúró lójú wíńdò ó ń mi orí. Mo ti ń múra láti gba owó mi kí n máa lọ.

Ìkórè wà nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n á sì yan gba òpópónà Ọba Adésídà títí dé ìtòsí Ọjà Ọba. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀, a lọ dán an wò ní kùtùkùtù. Ó dàrú. A gbéra ní 84. Nígbà tí a fi dé ibi tí à ń lọ, mo tẹ fóònù mi, 74. Àwọn ọmọ kéékèèké ń kọsẹ̀. Afọnfèrè ní àwọn onílù ń fà wọ́n sẹ́yìn, onílù ní àwọn afọnfèrè ló ń sùn. Alàgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí a yan ẹlòmíì. Kí n sọ òtítọ́, díẹ̀ ló kù kí n gbà fún un. Ó rẹ̀ mí, oòrùn sì ti mú.

Ohun tó dá mi dúró ni pé ọ̀pá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì ń balẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń falẹ̀, wọ́n jọ ń falẹ̀ ni. Àìsàn àtijọ́ kọ́ nìyẹn. Mo wá fi ẹsẹ̀ wọn bí ẹgbẹ́ náà ṣe gùn tó. Nínú ọgbà, ṣe ni wọ́n ń dúró yípo. Lójú títì, ìgbìmọ̀ ìkórè ti fi àwọn ọmọ tó ń gbé àsíá sáàárín fèrè àti ìlù, nítorí pé ibẹ̀ ló ti dára jù nínú fọ́tò. Láti ọ̀dọ̀ olórí afọnfèrè dé ọ̀dọ̀ Àyàn, mo ka bíi mítà 17.

Ohùn ń rin bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà 17 túmọ̀ sí pé Àyàn ń gbọ́ fèrè lẹ́yìn ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ó lù ú gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ohùn ìlù náà tún rin irú ìrìn yẹn padà síwájú. Olórí afọnfèrè wá ń gbọ́ ìlù tó pẹ́ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, èyí tó tó bí ìdákan nínú méje ìṣísẹ̀ kan ní 84. Ó rò pé òun ló ń sáré, ó dẹwọ́. Ìlù gbọ́ pé ó dẹwọ́, òun náà dẹwọ́. Wọ́n ń dúró de ara wọn títí dé Ọjà Ọba.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí: èmi ni mo fà á. Àyàn ti oṣù Kẹsàn-án, tí kì í gbọ́ ẹnikẹ́ni, kò ní falẹ̀ bẹ́ẹ̀; ì bá ti sáré tirẹ̀ lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ láti máa fetí sílẹ̀, ó sì kọ́ ọ dáadáa, ó wá ń fetí sí ohùn tó ti pẹ́. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ní Glasgow Green, níbi tí ìdíje àgbáyé irú ẹgbẹ́ yìí ti máa ń wáyé ní oṣù Kẹjọ, yíyípo ni wọ́n máa ń dúró lu orin wọn. Mo ti máa ń rò pé àṣà lásán ni. Alàgbà, tó ti fojú ara rẹ̀ rí i, kò rántí sọ fún mi, èmi náà kò sì béèrè.

Àtúnṣe náà kò gba ju ìrọ̀lẹ́ méjì lọ. A ní kí àwọn ọmọ alásíá kọjá síwájú pátápátá. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ bínú sí mi títí di Kérésì nítorí fọ́tò rẹ̀. Fèrè àti ìlù súnmọ́ra. Lójú títì, Àyàn kò sì gbọ́dọ̀ fi etí gba ìṣísẹ̀ lọ́dọ̀ fèrè mọ́, ojú ni: gìgísẹ̀ òsì afọnfèrè tó wà ní ìlà ẹ̀yìn. Ohun tí ojú rí kì í pẹ́ lọ́nà. Báàsì náà ń wo gìgísẹ̀ kan náà. Etí rẹ̀ wá kù fún àwọn márùn-ún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tó yẹ kó wà.

Ní ọjọ́ ìkórè, ẹ̀rọ amúnáwá oníṣọ́ọ̀bù kan ń ké lẹ́bàá títì, mọ́tò ń fun fèrè, ọ̀kan nínú àwọn fèrè alápò dákẹ́ láàárín ọ̀nà, olówó rẹ̀ kàn ń gbé e rìn ni. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ìparí ìlà. Àyàn kò wẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo lù títí ó fi yọ ọ̀pá mìíràn nínú bẹ́líìtì rẹ̀ nà án sí i. A dé Ọjà Ọba ní 82.

Bí ìjọ kan bá pè mí báyìí pé aṣíwájú àwọn ba ẹgbẹ́ jẹ́, mi ò kì í fọwọ́ kan bóòtì ìlù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo máa ń gbé fóònù sí ogún ìṣísẹ̀, mo máa ní kí aṣíwájú nìkan lu orin kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ kí n tó sọ ohunkóhun. Mo máa ń bi ẹni tó kéré jù ní ìparí ìlà ní ọ̀rọ̀ kan ní ìkọ̀kọ̀. Mo sì máa ń lọ fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà tí wọ́n á gbà, kí n mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi sáàárín ta. Ti àwọn tẹ́nọ̀, mi ò tíì rí i ṣe. Wọ́n ń fẹ́ràn jíju ọ̀pá sókè ju lílù lọ.

Nínú oṣù Kejì, Àyàn wá bá mi pẹ̀lú kàlẹ́ńdà tuntun. Ó fẹ́ dá flam kan ṣoṣo padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ìparí ìlà. Ó lọ. Ọmọ náà wo ìwé náà, ó lù ú lórí itan rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn Àjíǹde."